Pikọ́ọ̀pù Dísẹ́lì Àlòkù: Báwo Lẹ Ṣe Máa Mọ Èyí Tó Máa Pẹ́ Kí Ẹ Tó Sanwó?

Owó ńlá ni ẹni tó bá fẹ́ ra pikọ́ọ̀pù dísẹ́lì lónìí fẹ́ ná, owó iṣẹ́ ló sì sábà máa ń jẹ́: owó àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko, owó kọńtírátọ̀ tó ń gbé irin àti sìmẹ́ńtì, owó ọmọ wa tó wà ní Houston tàbí London tó fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: èwo ló máa pẹ́? Ìdáhùn mi kò yí padà. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ kọ́ lẹ ń rà. Ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ lẹ ń rà, àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti dísẹ́lì tó ti mu, àti ọwọ́ tó ti tọ́jú rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ní kí n ṣáà ra Hilux. Ṣé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀?

Kò parí síbẹ̀ o. Òótọ́ ni pé Hilux lágbára, òótọ́ sì ni pé ẹ ò ní wá ẹ̀yà ara rẹ̀ tì ní Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí ní Àrárọ̀mí lágbègbè Gate n'Ìbàdàn. Ìyẹn pàápàá wà lára ohun tó ń mú ọkọ̀ pẹ́: kí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ ọ́n, kí ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣeé rí rà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó ń jẹ́ orúkọ Hilux ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó jáde láti 2005 títí di nǹkan bí 2015 sábà máa ń lo 2KD, lítà 2.5, tàbí 1KD, lítà 3.0. Láti 2015 ni 2GD onílítà 2.4 àti 1GD onílítà 2.8 ti gba ipò wọn. Ọ̀pọ̀ Hilux tó ń rìn ní Nàìjíríà ló sì jẹ́ pé pẹtiróòlù ni wọ́n ń mu, lítà 2.7, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé dísẹ́lì gan-an lẹ ń wò. Ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ló ní àìsàn tirẹ̀.

Kí ni àìsàn 1KD?

Wáṣà bàbà kékeré kan wà lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú sílíńdà. Wáṣà yìí ló ń dí ojú ibi tí iná ti ń jó. Bí wáṣà yẹn bá gbó, tí kò dí i dáadáa mọ́, èéfín gbígbóná á máa jò wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì á ki, á dúdú bí ọ̀dà, èérí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sínú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á sì dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì kò bá dé ibi tó yẹ kó dé mọ́, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ṣì lè máa sáré dáadáa ní gbogbo àkókò yìí. Ìgbà tí iná ọ́ìlì bá fi máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀pa ò sábà bóró mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọn wáṣà yẹn gbẹ̀yìn. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kí ẹ fi ìka kan abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bá ẹrẹ̀ dúdú níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú sọ́ǹpù kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí asẹ́ náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ máa lọ ilé yín.

Nọ́sù tó ti gbó tún máa ń da dísẹ́lì jù sínú sílíńdà kan, ooru rẹ̀ á sì mú kí orí písítìnì là. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń sọ iye tó ń fi kún dísẹ́lì nọ́sù kọ̀ọ̀kan tàbí tó ń yọ kúrò kí ẹ́ńjìnì lè dúró dáadáa. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe síkáànù ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó sì dúró lójú kan. Èyí tó bá wà nítòsí òdo dára. Èyí tó bá ti ń lọ sí 3, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀ òdo, nọ́sù yẹn ti ń kú lọ.

Ó kù kan: táímìn bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa rìn pọ̀, ni 1KD àti 2KD ń lò. Ní Ọsirélíà, 150,000 kìlómítà ni Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá já, fáàfù á kọlu písítìnì. Bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú owó tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ́ńjìnì tuntun, 1GD, ṣé òun ò ní wàhálà?

Ṣéènì ló ń lò dípò bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dára. DPF ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ lára rẹ̀, ìyẹn asẹ́ inú sàláńsà tó ń mú èérí èéfín dúró, tó sì gbọ́dọ̀ máa sun ún dànù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ní 2022, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Ọsirélíà dájọ́ pé DPF Hilux, Prado àti Fortuner tí wọ́n tà níbẹ̀ láàárín 2015 sí 2020 ní àbùkù. Ọkọ̀ tó kàn ju 260,000 lọ. Kì í ṣe gbogbo Hilux ló ní DPF, nítorí náà ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ tà á sí.

Navara, L200, Ranger àti D-Max ńkọ́?

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn, Isuzu D-Max tó ní ẹ́ńjìnì 4JJ1, lítà 3.0, ni mo máa mú láìronú púpọ̀. Ṣéènì ló ń lò, kò ní ariwo orúkọ bíi Hilux, iye tí wọ́n ń dá lé e sì máa ń fi bẹ́ẹ̀ rọjú. Ẹ kàn ríi pé ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti máa ra ẹ̀yà ara rẹ̀.

Nissan Navara D40 tó ní YD25, pàápàá àwọn tó jáde láàárín 2005 sí 2010, táímìn ṣéènì rẹ̀ máa ń nà, ó sì máa ń já. Ẹ tẹ́tí sí iwájú ẹ́ńjìnì nígbà tó bá tutù: tó bá ń dún wàràwàrà, ẹ má rà á àfi tí owó ṣéènì tuntun bá ti kúrò lára iye rẹ̀. Mitsubishi L200 tó ní 4D56 ń lo bẹ́ẹ̀tì méjì, bẹ́ẹ̀tì kékeré sì lè já kó ba ti ńlá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ní ti Ford Ranger onílítà 2.2 àti 3.2 tó jáde láti 2011, ewu rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí mẹkáníìkì bá tú ọ́ìlì dànù tó wá fi í sílẹ̀ lọ jẹun, pọ́ǹpù lè gbẹ, kó má sì fa ọ́ìlì tuntun mọ́ nígbà tí wọ́n bá tan án. Ọ̀nà yẹn ni ẹ́ńjìnì tó le koko fi ń kú níjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe sáfíìsì Ranger ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dán lọ.

Kìlómítà mélòó ló pọ̀ jù?

Ìbéèrè yìí ló máa ń tan èèyàn jù, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ṣeé yí padà. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ tó ti rin 250,000 kìlómítà lójú títì tó já geere, tí ìwé sáfíìsì rẹ̀ sì pé, ju èyí tó kọ 90,000 síwájú tí kò sì ní bébà kan ṣoṣo. Ẹ wo rọ́bà pẹ́dàlì, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára sítíárìn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ níbi tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí àwọn yẹn bá ti jẹ tán tí nọ́ńbà sì kéré, irọ́ ni nọ́ńbà ń pa.

Ìwé wà tí a lè wò. Bí ọkọ̀ bá wá láti Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ara rẹ̀ tó ń lò lọ́hùn-ún tó láti wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìjọba wọn. Iye kìlómítà tàbí máìlì ọdọọdún wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n rí pé ó ti ń dípẹtà. Bó bá wá láti Amẹ́ríkà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nínú VIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ fi wo orí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà, bóyá ilé iṣẹ́ ti pè é padà fún àtúnṣe kan tí wọn ò tíì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wà lọ́hùn-ún kó bá yín wò ó.

Ẹ tún béèrè wákàtí ẹ́ńjìnì, pàápàá lára pikọ́ọ̀pù ńlá Amẹ́ríkà tó máa ń fi í hàn. Ọkọ̀ iṣẹ́ lè dúró lójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́. Bó bá ti rin 150,000 kìlómítà ní wákàtí 7,500, ìyẹn jẹ́ 20 kìlómítà ní wákàtí kan: ìdúró rẹ̀ ló pọ̀ ju ìrìn lọ, ẹ́ńjìnì yẹn sì ti gbó ju ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo bá lọ wo ọkọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì bá ẹ́ńjìnì ní tútù. Ẹ fi ọwọ́ kan án kí wọ́n tó tan án. Ẹ́ńjìnì dísẹ́lì tó bá gbóná lè fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́. Tó bá tutù, kò lè pa á mọ́. Bí kíkísítátà bá ń yí fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà, ó lè jẹ́ nọ́sù ló ń jò, ó lè jẹ́ pé agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà ti lọ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ glow plug lásán, ìyẹn ohun tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnì tó tan. Owó ìkẹyìn yìí kéré. Ti àwọn tó kù kò kéré.

Ẹ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ wo èéfín. Èéfín dúdú ń sọ pé dísẹ́lì kò jó tán. Aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń mu ọ́ìlì. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n tí kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí omi rédíétọ̀ máa wọ ibi tí iná ti ń jó. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí ihò náà. Bó bá ń gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀, kò burú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e fò, ríìnì písítìnì ti jẹ.

Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ páìpù rọ́bà ńlá tó ti ara rédíétọ̀ wá. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, ó yẹ kó rọ̀. Bó bá le gbagidi, gáásì inú sílíńdà ti ń bọ́ sínú omi, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà ti ń lọ nìyẹn. Ẹ tún wo inú omi bóyá ọ́ìlì ń léfòó níbẹ̀.

Ẹ wá wà á. Ẹ má wà á yípo àdúgbò kẹ́ ẹ sì padà. Ẹ gbé e gun òkè, ẹ jẹ́ kó sáré lójú títì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá tọ́bò ń sunkún. Ẹ fi gíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí i, gíga àti ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà tí wọn ò fi sí i láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Tí ẹ bá padà, ẹ tún ṣe síkáànù lẹ́ẹ̀kejì: ẹni tó bá pa àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà rẹ́ láàárọ̀ kò lè dá a dúró kó má padà wá lẹ́yìn ìrìn gígùn.

Mo débẹ̀, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀.

Ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má sọ wákàtí tí ẹ ó dé.

Abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́?

Ẹ wọlé sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní àríwá Amẹ́ríkà máa ń jẹ ṣáàsì láti inú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rí Navara D40 tí ṣáàsì rẹ̀ kán sí méjì. Toyota náà, ní 2016, gbà láti ná owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ ṣáàsì Tacoma, Tundra àti Sequoia tó ń dípẹtà ní Amẹ́ríkà. Pẹtiróòlù làwọn yẹn ń mu, ṣùgbọ́n irin kan náà ni. Ẹ máa kan ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn: irin tó dára máa ń dún gbangan, èyí tó ti jẹ máa ń dún gbù. Bí wọ́n bá ti kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú tuntun ṣáká, ẹ túbọ̀ kàn án dáadáa. Texas sàn ju Michigan lọ fún irú ọkọ̀ yìí.

Ṣé dísẹ́lì wa lè ba ọkọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́, ohun tí mo sì rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ wà lọ́kàn oníbàárà nìyí. Ẹ́ńjìnì common rail, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́sù rẹ̀, ń fi agbára tó lè ju 1,500 bar lọ ti dísẹ́lì gba ihò tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Omi díẹ̀ àti ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti pa pọ́ǹpù àti nọ́sù, a sì mọ irú dísẹ́lì tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù àti jálá káàkiri. Imí ọjọ́ tó pọ̀ nínú dísẹ́lì tún máa ń ba DPF jẹ́ kíákíá. Nítorí náà, ẹ ra dísẹ́lì níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń tò, torí pé kì í pẹ́ nínú táǹkì wọn. Ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù déédéé, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ fílítà náà ṣáájú ìgbà tí ìwé sọ. Ayédèrú fílítà ni ọ̀tá nọ́sù.

Bí oko yín bá jìnnà tó jẹ́ pé dísẹ́lì dúrọ́ọ̀mù lẹ ó máa rà, èmi á ní kẹ́ ẹ wá Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnì 5L, lítà 3.0, tí kò ní tọ́bò, tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò sì ní kọ̀ǹpútà. Kò yára. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ẹrù, mẹkáníìkì abúlé sì lè tú u tò.

Àbúrò mi fẹ́ fi pikọ́ọ̀pù ńlá ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Kí ló yẹ kó yẹra fún?

Ford Super Duty ọdún 2003 sí 2007 tó ní Power Stroke onílítà 6.0 ni kó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Kúlà ọ́ìlì rẹ̀ máa ń dí, ìyẹn á ba kúlà EGR (ibi tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì) jẹ́, omi á wọ ẹ́ńjìnì, tọ́ọ̀pù sílíńdà á gbéra. Chevrolet Duramax LB7, ọdún 2001 sí 2004, nọ́sù rẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí fáàfù, iṣẹ́ ńlá sì ni láti pààrọ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù Bosch tó ń jẹ́ CP4, tó wà lára Ford 6.7 láti 2011, Duramax 2011 sí 2016 àti Ram 2019 sí 2020, bó bá ti bú, eérú irin á lọ káàkiri ojú ọ̀nà dísẹ́lì, pọ́ǹpù, nọ́sù àti páìpù á sì di ohun tí ẹ ó pààrọ̀ pọ̀.

Èyí tí mo lè fọwọ́ sí ni Dodge Ram tó ní Cummins 5.9, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan. Èyí tó wà títí di 1998 kò ní kọ̀ǹpútà nínú pọ́ǹpù. Èyí tó wá láàárín 1998 sí 2002 ní pọ́ǹpù VP44 tí kò lágbára tó. Ọdún 2003 sí 2007 tún dára. Láti 2007 ni DPF ti wọ àwọn tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni omi DEF, tí wọ́n ń rọ sí ọkọ̀ láti fọ èéfín rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè bóyá ẹ ó rí DEF rà lágbègbè yín kó tó gbé e sọ́kọ̀ ojú omi. Bí àbúrò yín bá ń lò ó lọ́hùn-ún, kó má yọ DPF kúrò: òfin Amẹ́ríkà kò gbà á.

Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ sí Belgium, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá. Ṣé kí n rà á?

Ó ṣeé rà bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bá bá ìwé mu, bí kò bá sí wáyà gígé tí wọ́n so pọ̀ káàkiri lára rẹ̀, bí wọ́n bá sì lè sọ ìdí tí ti tẹ́lẹ̀ fi kú. Bó bá jẹ́ ọ́fáhíìtì ló pa á, ẹ wo rédíétọ̀ dáadáa, torí pé ohun tó fa ọ́fáhíìtì náà lè ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní èyí tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé máa ń dínwó.

Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù lè bọ́ lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, bó ti wù kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára tó.

Ta ni kí n mú dání?

Mẹkáníìkì tí ẹ fúnra yín san owó fún, tí kò retí kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Bó bá jẹ́ Hilux lẹ fẹ́ rà, kó jẹ́ ẹni tó ń tú Hilux dísẹ́lì lójoojúmọ́. Ẹ mú rẹwáyà tó ní síkáànà náà dání.

Lẹ́yìn tí mo bá rà á ńkọ́?

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù kankan sí i, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì àwọn dífù méjèèjì, gbogbo fílítà àti omi rédíétọ̀. Bó bá jẹ́ 1KD tí kò sí ìwé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀tì àti wáṣà nọ́sù pọ̀. Ẹ ti yọ owó yẹn sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, ẹ má ná gbogbo owó yín sórí ọkọ̀.

Ṣé dísẹ́lì gan-an ló yẹ kí n rà?

Bó bá jẹ́ àárín ìgboro lẹ ó máa rìn, ilé sí ọjà, ọjà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ra pẹtiróòlù 2.7. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dísẹ́lì gbóná tó, èérí á máa kó sínú EGR àti DPF. Bó bá jẹ́ ẹrù lẹ ó máa gbé láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn, tàbí kòkó láti Oǹdó, dísẹ́lì ni kẹ́ ẹ rà.